Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan: bí a ṣe tún fáìlì inú repo tò ní Òkè-Fìà, Òṣogbo

Repo ni ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gba sọ́fítíwíà. Bí mo ṣe bá sáfà tó wà lórí rẹ̀ nìyí: fódà kan ṣoṣo, /srv/deb, tí fódà mìíràn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀kan ń jẹ́ tuntun, ọ̀kan tuntun2, ọ̀kan ti_ede, ọ̀kan fun_ikirun, ọ̀kan final, ọ̀kan final_gan. Fáìlì .deb (pákéèjì sọ́fítíwíà fún Debian àti Ubuntu) tó wà nínú gbogbo wọn lé ní igba, ohun kan náà sì ni púpọ̀ nínú wọn, orúkọ ni wọ́n fi yàtọ̀. Esi-1.4.deb wà níbẹ̀, esi-1.4-new.deb wà níbẹ̀, esi-1.4-new(1).deb náà kò gbẹ́yìn.

Ọ́fíìsì kékeré kan ní Òkè-Fìà ló ni sáfà yìí. Wọ́n ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé-ìwé aládàáni ní Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìkìrun àti Ìlobùú. Linux ni gbogbo kọ̀ǹpútà ọ̀hún ń lò: àwọn tó ti pẹ́ wà lórí Debian 11, àwọn tó pọ̀ jù wà lórí Ubuntu 22.04, àwọn tuntun sì wà lórí Debian 12. Àwọn fúnra wọn ló kọ sọ́fítíwíà tí wọ́n ń fi síbẹ̀. Esi ló ń ṣírò máàkì, tó sì ń tẹ káàdì èsì ìparí sáà. Danwo ni àwọn ọmọ fi ń múra fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Ibeere ni àkójọ ìbéèrè tí danwo ń lò, òun sì ni ilé-ìwé ń sanwó fún lọ́dọọdún. Kibodu-yoruba ń jẹ́ kí ènìyàn tẹ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn láìwá wọn kiri. Fọ́ńtì tún wà, pẹ̀lú àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Dátà ló mú kí wọ́n ní repo tiwọn. Ilé-ìwé tó ní ogún kọ̀ǹpútà kò ní í jẹ́ kí gbogbo wọn máa lọ gba ohun kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó sún mọ́ Òkè-Fìà ń gba pákéèjì lórí sáfà tààrà. Fún àwọn tó jìnnà, ọmọ ọ́fíìsì á ki háàdì díìsìkì bọ àpò, á wọ mọ́tò lọ bá wọn. Méjèèjì dọ́gba lójú apt, ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń gba pákéèjì. Bó ṣe ń ka repo lórí http náà ló ń kà á nínú díìsìkì tí wọ́n fi gún kọ̀ǹpútà lára.

Ẹdẹ ni wàhálà ti kọ́kọ́ jáde. Kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kan níbẹ̀ kọ̀ láti gba esi, ó ń kọ “Hash Sum mismatch” sójú. Wọ́n ní kí wọ́n tún un gbìyànjú lọ́la, pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nínú repo, ìwé ìtọ́ka kan wà tó ń jẹ́ Packages. Orúkọ pákéèjì kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀, ibi tí fáìlì rẹ̀ wà, bó ṣe tóbi tó, àti òǹtẹ̀ SHA256 tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yí padà nínú fáìlì, òǹtẹ̀ rẹ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá. Ẹnì kan ti tún esi kọ, ó fi orúkọ àtijọ́ àti nọ́ńbà àtijọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, ó sì gbé e lé ti tẹ́lẹ̀ lórí. Ìwé ìtọ́ka ṣì ń ṣàpèjúwe fáìlì tí kò sí mọ́. Ohun tí wọ́n ṣèlérí fún kọ̀ǹpútà Ẹdẹ kọ́ ni wọ́n gbé fún un, ó sì kọ̀ ọ́. Ó tọ̀nà bó ṣe kọ̀ ọ́.

Ti Ìkìrun kò pariwo rárá. Wọ́n ti fún wọn ní 1.5rc kí wọ́n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí 1.5 gan-an jáde, gbogbo ilé-ìwé gbà á, àfi Ìkìrun. Lójú dpkg, ohun tó ń fi pákéèjì sórí kọ̀ǹpútà, 1.5rc ju 1.5 lọ: bí lẹ́tà bá tẹ̀lé nọ́ńbà, ẹ̀dà náà ti ga ju èyí tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn. Àmì ~ nìkan ló ń mú kí ẹ̀dà kéré sí i. 1.5~rc ló yẹ kí wọ́n kọ.

Nígbà tó kan Ìlobùú, níbi tí Debian 11 pọ̀ sí, pákéèjì tuntun kò ṣí rárá. Dpkg ní òun kò mọ irú ìfúnpọ̀ tí wọ́n fi ṣe control.tar.zst. Láti Ubuntu 21.10 ni Ubuntu ti ń fi zstd fún pákéèjì pọ̀. Dpkg inú Debian 11 kò lè ka zstd, ti Debian 12 lè kà á. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ pákéèjì ní ọ́fíìsì ti kúrò lórí Debian 11 bọ́ sórí Ubuntu 22.04, kò sì sẹ́ni tó fura pé ohun tó ń jáde nínú rẹ̀ ti yàtọ̀.

Ọ̀gá ọ́fíìsì ti ní ojútùú tirẹ̀ lọ́wọ́ kí n tó dé. “Àbúrò, jẹ́ ká kúkú fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní fódà tiẹ̀. Ohun tó bá yẹ Ìlobùú, a ó kó o sí fódà Ìlobùú.”

“Ẹ̀gbọ́n, tí ilé-ìwé bá wá di ogójì ńkọ́?”

“A ó dá ogójì fódà sílẹ̀. Ṣé owó la ń san fún fódà ni?”

Mo lóye ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá wo fódà ti_ede yóò rò pé òun mọ ohun tó wà ní Ẹdẹ. Kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà ní Ẹdẹ ló mọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n kó o síbẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀dà fáìlì kan náà ti wà níbi mẹ́rin, wọ́n ti tún méjì ṣe, wọ́n ti gbàgbé méjì. Ohun tí mo bá ọ̀gá jà sí nìyí, mi ò sì yẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀: kì í ṣe iṣẹ́ fódà láti sọ ẹni tó máa gba fáìlì. Iṣẹ́ ìwé ìtọ́ka ni.

Àwọn Debian fúnra wọn ti gba ọ̀nà ọ̀hún kọjá. Tẹ́lẹ̀, inú fódà ẹ̀dà Debian kọ̀ọ̀kan ni fáìlì ẹ̀dà náà ń gbé. Bí ẹ̀dà kan bá bọ́ sí ipò mìíràn, fáìlì á ṣí kúrò níbi tó wà, àwọn sáfà káàkiri ayé tó ń ṣe àdàkọ á sì tún lọ gba ohun tí wọ́n ti ní lọ́wọ́. Ní ọdún 2000 ni wọ́n dá pool sílẹ̀: gbogbo fáìlì wọ ibì kan ṣoṣo, wọ́n sì tò ó ní orúkọ orísun rẹ̀, inú dists ni ìwé ìtọ́ka ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wà. Pool ni àká, dists ni ìwé tó ń sọ ẹni tó ni èwo nínú iṣu. Fáìlì kì í ṣí kúrò nínú pool nítorí pé oníbàárà rẹ̀ pààrọ̀.

Reprepro, irinṣẹ́ kan tó ń to repo, la lò. Aptly wà, ó sì dára, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ máa ya àwòrán repo pamọ́ láti ìgbà dé ìgbà, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan péré ló ń tọ́jú sáfà yìí, fáìlì ọ̀rọ̀ kan tó lè fi ojú ara rẹ̀ kà ló sì rọrùn fún un. Gbogbo ètò repo wà nínú conf/distributions. Báyìí ni ti Debian 12 ṣe rí:

Codename: bookworm
Architectures: amd64
Components: main owo
SignWith: yes

Bullseye (Debian 11) àti jammy (Ubuntu 22.04) ní tiwọn bẹ́ẹ̀. Reprepro fúnra rẹ̀ ló ń to pool:

pool/main/d/danwo/
pool/main/e/esi/
pool/main/k/kibodu-yoruba/
pool/owo/i/ibeere/

Lẹ́tà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà orúkọ orísun. Àwọn tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lib nìkan ló ń lo lẹ́tà mẹ́rin, nítorí Debian ní lib púpọ̀ débi pé fódà l ì bá kún àkúnwọ́sílẹ̀. Àwọn tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ìdí láti dá àrà mìíràn.

Kí fáìlì kankan tó wọ pool, a ní láti mọ ohun tí a ní. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn .deb kò túmọ̀ sí nǹkan kan, control, ìwé àpèjúwe tó wà nínú rẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀. Dpkg-deb -f ń ka orúkọ, ẹ̀dà àti irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe é fún. Sha256sum ń fi àwọn tó jẹ́ ọ̀kan náà hàn. Dpkg-name sì ń dá orúkọ tòótọ́ padà sára fáìlì. Èyí tó pọ̀ nínú igba fáìlì náà dànù lójú ẹsẹ̀, torí ohun kan náà ni wọ́n. Esi 1.4 ló dá wa dúró. Fáìlì mẹ́ta ló pe ara rẹ̀ ní esi 1.4, òǹtẹ̀ wọn sì jẹ́ oríṣi méjì.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó. Nínú esi 1.4 méjì yẹn, ọ̀kan ń ka ọmọ tí kò wá ṣe ìdánwò kan sí ẹni tó gba òdo, ó sì ń fa àròpín rẹ̀ wálẹ̀; wọ́n ti tún èkejì ṣe. Nọ́ńbà kan náà ni méjèèjì ń jẹ́. Bí o bá lọ bi kọ̀ǹpútà ilé-ìwé léèrè, “1.4” ni yóò dá ọ lóhùn, òótọ́ ló sì sọ. Àwọn káàdì èsì sì ti wà lọ́wọ́ àwọn òbí.

Ohun tó gbà wá sílẹ̀ ni pé dpkg máa ń fi àkọsílẹ̀ md5 (òǹtẹ̀ mìíràn bíi SHA256) ti fáìlì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú pákéèjì pamọ́, ní /var/lib/dpkg/info/esi.md5sums. A yọ md5sums inú esi 1.4 méjèèjì, a sì ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan fi tiwọn ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Òṣogbo àti Ìkìrun ní èyí tó dára. Ní Ẹdẹ, àwọn kọ̀ǹpútà inú yàrá kọ̀ǹpútà dára, ti ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, èyí tí wọ́n fi tẹ káàdì gan-an, ni kò dára. Wọ́n tún káàdì àwọn ọmọ tó pa ìdánwò jẹ tẹ̀. Ọ̀gá Òkè-Fìà ló lọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Láti ìgbà tó ti dé, kò dárúkọ fódà ilé-ìwé sí mi létí mọ́.

A kò mú èyíkéyìí nínú 1.4 wọ pool. 1.5.1 ni a kọ́, torí ó ga ju 1.4 méjèèjì, ó ga ju 1.5, ó sì ga ju 1.5rc tó há sí Ìkìrun lọ́rùn. Láti ọjọ́ yẹn, reprepro ni aṣọ́bodè. Bí o bá gbé fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ti wà nínú pool wá, tí inú rẹ̀ sì yàtọ̀, kò ní í gbà á. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú sáfà kọ́kọ́ bínú sí i, ó ní ó le jù. Mo ní kó máa bínú sí i bẹ́ẹ̀.

Òfin yìí ló wá bí ìṣòro mìíràn. A kò lè kọ́ esi sórí Ubuntu 22.04 ká sì gbé e fún Debian 11, kódà bí a bá pààrọ̀ zstd sí xz: glibc (àkójọ kóòdù tí sọ́fítíwíà ń gbára lé) 2.35 ló wà lórí Ubuntu 22.04, 2.31 ló wà lórí Debian 11, pákéèjì á sì máa bèèrè ohun tí Ìlobùú kò ní. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ní láti kọ́ ọ, lórí ètò kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta yẹn wá fẹ́ jẹ́ esi_1.5.1-1_amd64.deb nínú pool kan ṣoṣo. Àwọn kan á ní ká dá pool mẹ́ta sílẹ̀. Mi ò gbà, torí fódà tún ń ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀ nìyẹn. Ìyàtọ̀ wà nínú fáìlì. Kó hàn lára nọ́ńbà rẹ̀:

esi_1.5.1-1+deb11_amd64.deb
esi_1.5.1-1+deb12_amd64.deb
esi_1.5.1-1+ubuntu22.04_amd64.deb

Àǹfààní kan tún wà nínú rẹ̀. +deb12 ga ju +deb11, nítorí náà kọ̀ǹpútà tó bá kúrò ní Debian 11 bọ́ sí 12 á gba esi tirẹ̀ láìsí ariwo. Kibodu-yoruba, fọ́ńtì àti ibeere kò nílò irú ìrù bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ fún glibc kankan. “All” ló wà níparí orúkọ wọn, fáìlì kan ṣoṣo nínú pool ni ìwé ìtọ́ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tọ́ka sí. Nínú ètò àtijọ́, fọ́ńtì wọn ló gba àyè jù lórí díìsìkì tí wọ́n ń gbé kiri. Ibi mẹ́fà ni wọ́n kó o sí.

Ẹ óò ti rí “owo” nínú Components, ìyẹn àwọn ìpín inú repo. Ìyẹn nìkan ni ibi tí mo ti gbà kí ètò fáìlì tẹ̀lé oníbàárà, ìdí rẹ̀ sì ni pé pool náà pín sí main àti owo. A lè ti ilẹ̀kùn pool/owo lórí nginx, ohun tó ń gbé repo jáde lórí http, kí ilé-ìwé tó ti sanwó ibeere nìkan ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀ nínú /etc/apt/auth.conf.d. Àwọn yòókù ń lo main, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé owo wà.

Ti ẹ̀dà ìdánwò yàtọ̀. Wọ́n fẹ́ kó jẹ́ component bíi ti owo. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà fáìlì nínú pool á yí padà lọ́jọ́ tí ẹ̀dà bá kúrò ní ìdánwò. A dá bookworm-idanwo sílẹ̀ bí Codename tirẹ̀. Nígbà tí Ìkìrun bá ti yẹ ẹ̀dà wò tó sì tẹ́ wọn lọ́rùn:

reprepro copy bookworm bookworm-idanwo esi

Fáìlì kò kúrò lójú kan. Ìwé ìtọ́ka bookworm ló kàn wá mọ̀ ọ́n. Ohun tí Ìkìrun yẹ̀ wò gan-an ni Ẹdẹ máa gbà, òǹtẹ̀ dé òǹtẹ̀.

Ọmọbìnrin yẹn ló wá béèrè ohun tí mi ò tíì dé ibẹ̀. “Bùọ̀dá, tí 1.6 bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń tẹ káàdì, báwo la ṣe máa padà sí 1.5.1? Reprepro ti pa á rẹ́ ná.” Òótọ́ ni: bí a ṣe tò ó yìí, ẹ̀dà kan ló ń fi sílẹ̀ fún pákéèjì kan nínú Codename kan. Ohun méjì la ṣe. Gbogbo .deb tí a bá kọ́, pẹ̀lú orísun rẹ̀, ń wọ fódà kan tó wà lẹ́yìn repo, tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan lé e. Bí ìpadàsẹ́yìn bá sì di dandan, a kì í dá nọ́ńbà padà sẹ́yìn. A ń kọ́ ohun tó wà nínú 1.5.1, a sì ń pè é ní 1.6+really1.5.1, bí àwọn Debian ṣe ń ṣe. Ó burú lójú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò kọ burúkú ojú, ó rí i pé ó ju 1.6 lọ, ó sì gbà á.

Iná ló kù. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń da gbogbo fódà kọ sórí díìsìkì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, ìwé ìtọ́ka tuntun lè ti débẹ̀ nígbà tí fáìlì rẹ̀ kò tíì dé, ọmọ ọ́fíìsì á sì ti gúnlẹ̀ sí Ìkìrun kó tó mọ̀. Ní báyìí, rsync, irinṣẹ́ tó ń da fáìlì kọ, ń kọ́kọ́ kó pool láìpa nǹkan kan rẹ́; ó ń kó dists tẹ̀lé e; ìgbà tí méjèèjì bá parí ló ń pa fáìlì àtijọ́ rẹ́. Ibikíbi tí iná bá ti lọ nínú apá pool, ìwé ìtọ́ka àtijọ́ ṣì wà, fáìlì rẹ̀ ṣì wà, repo náà ṣì ń ṣiṣẹ́ bíi ti àná. Dists kò ju fáìlì kéékèèké díẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú àáyá ló ń gbà.

Ní ti ìbuwọ́lù, kò gba àkókò. Wọ́n ti ń kọ [trusted=yes] sórí gbogbo kọ̀ǹpútà, tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni tó bá rí díìsìkì gbà lè fi ohunkóhun sínú rẹ̀. A ṣe kọ́kọ́rọ́ GPG, èyí tí a fi ń buwọ́ lu repo, a kó apá gbangba rẹ̀ sínú pákéèjì kékeré kan, signed-by nínú ètò apt sì ń tọ́ka sí i. Ìgbà tí a ṣe èyí tán ni kọ̀ǹpútà méjì ní Ìlobùú ní Release, ìwé tí a buwọ́ lù nínú dists, “is not valid yet”, pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Bátìrì inú wọn ti kú, àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jí sí ọdún tó ti kọjá, wọ́n sì ń rí i pé ọjọ́ iwájú ni wọ́n fọwọ́ sí repo. Ẹnì kan ní ká pa Check-Date, àyẹ̀wò ọjọ́ tí apt ń ṣe. Bátìrì CR2032 la rà. Mo tún ní kí wọ́n má fi ValidFor, tó ń fi òpin sí ìgbà tí ìwé ìtọ́ka fi wúlò, sí conf, torí díìsìkì lè pẹ́ ní ilé-ìwé kan kí tuntun tó dé.

Bullseye ni iṣẹ́ tó kù. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2026 ni wọ́n fi òpin ìtọ́jú LTS (ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́) Debian 11 sí, àwọn kọ̀ǹpútà Ìlobùú sì ń bọ́ sí 12 lọ́kọ̀ọ̀kan bí owó ilé-ìwé bá ṣe wọlé. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá ti kúrò, ọmọbìnrin náà á yọ bullseye kúrò nínú conf/distributions, á sì ṣe reprepro --delete clearvanished. Àwọn tó ní +deb11 lára á lọ. Fọ́ńtì àti kibodu-yoruba kò ní í lọ, torí bookworm àti jammy ṣì ń tọ́ka sí wọn.